Ẹ má ra gbogbo ẹrù yín tán ní Mercado Modelo

Ẹni tó bá dé Salvador ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, tó sì ra gbogbo ẹ̀bùn tó fẹ́ kó wálé ní Mercado Modelo, owó àlejò ló san. Kì í ṣe pé ọjà náà burú o. Ilé àwọn aṣọ́bodè àtijọ́ ni, wọ́n kọ́ ọ ní 1861, ó wà níwájú Elevador Lacerda tó ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sókè. Ṣùgbọ́n ohun tí ìsọ̀ àkọ́kọ́ ń tà náà ni ìsọ̀ kẹwàá ń tà, iye tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ pè, ẹ dá a sí méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ohun tí mo gbà pé kí ẹ rà níbẹ̀ ni ríbọ́ọ̀nù Bonfim, tí wọ́n fi orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim pè. Kò wọ́n, kò sì wúwo. Kókó mẹ́ta ni wọ́n ń ta sí i lọ́rùn ọwọ́, ẹ̀bẹ̀ kan fún kókó kan, a kì í sì í gé e; òun fúnra rẹ̀ ni yóò já.

Ní ti berimbau, ọrun olówàáyà tí wọ́n ń lù sí capoeira, eré ìjà tó dà bí ijó, èyí tí wọ́n kùn lọ́dà mèremère, tí wọ́n kọ Bahia sí lára, ògiri ló wà fún. Èyí tó ní ohùn, igi biriba ni, wáyà inú táyà ọkọ̀ ni wọ́n fi ta á. Ẹ ní kí ọlọ́jà lù ú, kó gbé ẹnu akèrègbè rẹ̀ lé ikùn, kó tún gbé e kúrò. Bí ohùn kò bá yí padà, ẹ máa lọ.

São Joaquim gan-an ni ọjà tèmi, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí erékùṣù Itaparica. Ará ìlú ló ń ná ibẹ̀. Ọ̀nà tóóró, omi ẹja nílẹ̀, adìyẹ nínú àgò, edé gbígbẹ lókìtì-lókìtì, epo pupa nínú ìgò. Mo ra ìkòkò omi kékeré kan tí wọ́n mọ ní Maragogipinho, wọ́n fi ọ̀dà funfun ya òdòdó sára amọ̀ pupa.

Nígbà tí mo dé ìsọ̀ àwọn eléèlò òrìṣà, orógbó, ataare, ẹfun, ọṣẹ dúdú, kò sí èyí tí mi ò mọ̀. “Diga, minha filha,” ìyẹn “Sọ ọ́, ọmọ mi,” ni ìyá ọlọ́jà wí. Mo mú obì kan, mo yí i wò: àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni, kò ní kòkòrò. Owó tó pè! Ìyá tèmi tó ta obì títí ó fi darúgbó ì bá kígbe. A fi ìka náà á, ó já owó díẹ̀ sílẹ̀. Mo là á, mo ju awẹ́ kan sẹ́nu. Ńṣe ni ìyá náà ń wò mí tìyanu-tìyanu, torí ilé òrìṣà ni obì ń lọ níbẹ̀, wọn kì í kàn dúró láàárín ọjà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó pe ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì kó wá wò mí. Èmi náà kúkú mọ̀ pé mi ò lè gbé e kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè.

Ẹ mú real, owó Brazil, kéékèèké dání, nítorí Pix ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń sanwó lórí fóònù, kì í sì í rọrùn fún àlejò láti lò. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì wọ bàtà tí omi ẹja ò lè bà jẹ́.