Ohun tó ta kókó nínú títa Wembley

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Shahid Khan, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Pakistan, tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Fulham, fẹ́ fi 600 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ra Wembley, pápá ìṣeré ńlá ní London, lọ́wọ́ FA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 900 mílíọ̀nù tí àwọn kan ń pariwo kì í ṣe owó tí yóò kà sílẹ̀: 300 tó kù jẹ́ iye tí wọ́n dá lé Club Wembley, òwò àwọn ìjókòó olówó ńlá, tí FA kò ní tà.

FA kò sì lè dá a tà. Kíkọ́ pápá tí wọ́n ṣí ní 2007 yìí ná wọn ní nǹkan bí 757 mílíọ̀nù, owó aráàlú tó lé ní 160 mílíọ̀nù sì wà nínú rẹ̀. Sport England, àjọ ìjọba tó ń fowó ran eré ìdárayá lọ́wọ́, nìkan fi 120 mílíọ̀nù sílẹ̀. Ẹni tó bá ti fowó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà rẹ̀.

Àdéhùn ni mo máa ń wò kí n tó wo iye owó. Ṣé ẹni tó rà á lè tún un tà fún ẹlòmíràn? Ta ni yóò máa pinnu ẹni tó máa lo pápá náà ní ọjọ́ wo? Khan ló ni Jacksonville Jaguars náà, ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìgbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Wembley sì bọ́ sí àsìkò tí England ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tirẹ̀. Owó títà rẹ̀ tí FA ṣèlérí pé òun yóò fi ṣe pápá àdúgbò ńkọ́? Bí wọn kò bá yà á sọ́tọ̀ nínú ìwé, yóò wọ inú ìnáwó ojoojúmọ́.

Ní 17 oṣù kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kan kí ìgbìmọ̀ FA tó jókòó lé e, Khan fà sẹ́yìn.