Kí Ọ̀pẹ Tó Di Ọ̀ta Nídìí Póka

Bí ènìyàn bá dárúkọ póka ní Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ́tẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń gbọ́. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí owó ni wọ́n fi ń ta á níbi púpọ̀ tí wọ́n ti ń fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà láti ọdún 1898, tí mọ́ṣáláṣí náà sì kún àdúgbò, ẹni tó bá tẹ́ owó kalẹ̀ sídìí káàdì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ kò ní í pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ ayò ni àwa fi ń ta tiwa. Ọpọ́n ayò kan ní ọmọ 48, nítorí náà a máa ń yá ọmọ ọpọ́n márùn-ún jọ, kí àwa márààrún lè ní 48 lọ́wọ́ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ni yóò máa po káàdì, tí yóò sì máa pín in, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Oríṣi póka tí mò ń sọ ni Texas Hold'em, èyí tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà gbà pé ìlú Robstown ni ó ti ṣẹ̀. Káàdì 52 ni, ó pín sí oríṣi 4 (háátì, kílọ́ọ̀bù, dáyámọ́ńdì àti sípéèdì), oríṣi kọ̀ọ̀kan sì ní 13. Wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 2 tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí 3 sáàárín lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n á tún ṣí ẹyọ kan, wọ́n á sì ṣí ẹyọ kan tí ó kẹ́yìn. Nínú 7 wọ̀nyí, 5 tí ó bá dára jù lọ ni olúkúlùkù yóò fi jà. Kí wọ́n tó ṣí èyíkéyìí, àti lẹ́yìn èyí tí ó kẹ́yìn, ẹni tó bá fẹ́ lè fi ọmọ ayò sáàárín. Àwọn yòókù yóò san iye kan náà, tàbí kí wọ́n fi kún un, tàbí kí wọ́n da káàdì wọn sílẹ̀. Bí ó bá ku ẹnì kan ṣoṣo tí kò da tirẹ̀ sílẹ̀, òun ni ó kó gbogbo ohun tó wà láàárín, ìbáà ṣe pé káàdì ọwọ́ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ní ti bí káàdì ṣe ju ara wọn lọ, láti orí péà kan (káàdì méjì tí nọ́ńbà tàbí àwòrán wọn bára mu) títí dé orí 5 tí ó tẹ̀ léra nínú oríṣi kan náà, ènìyàn lè há a sórí ní ìrọ̀lẹ́ kan, n kò sì ní í fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Dída káàdì sílẹ̀ ni ó ń ni àwọn tó ti mọ wọ́ọ̀tì lára jù. Nídìí wọ́ọ̀tì, ohun tí wọ́n bá pín fún ọ ni wàá fi jà, bí o kò bá sì ní èyí tó bá a mu, wàá lọ sọ́jà. Kò sí ẹni tó ń kó káàdì sílẹ̀ kí ó ní òun kò bá wọn ta èyí. Ẹni tó bá gbé ìwà yẹn wá sídìí póka yóò kàn máa sanwó ìran ni. Ìgbà 1 nínú 17 ni péà máa ń wọ ọwọ́ ènìyàn látìbẹ̀rẹ̀. Ní ti éèsì, káàdì tó ga jù lọ, ìgbà 1 nínú 221 ni méjì rẹ̀ máa ń wọlé papọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pín fúnni kò yẹ ní ohun tí à ń fi ọmọ ayò kan tẹ̀ lé. Èyí tó tilẹ̀ ń tan ọ̀pẹ jẹ jù ni éèsì pẹ̀lú káàdì kékeré: bí éèsì mìíràn bá yọ láàárín, inú rẹ á dùn, wàá máa san án, ẹni tó mú éèsì pẹ̀lú kíńgì, tí káàdì kejì rẹ̀ ju tìrẹ lọ, á sì jókòó jẹ́ẹ́, á máa gbà á.

Ibi tí ojú mi ti là sí eré náà ni ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń béèrè. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé girama ni ó fi hàn wá, ní alẹ́ kan tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH tó ń bá wa ta mú éèsì àti 6, tí àwọn méjèèjì jẹ́ háátì. Kíńgì háátì, 9 háátì àti 4 kílọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣí sáàárín. Ọmọ ayò 40 ló wà nílẹ̀, ẹni tó kọjú sí i sì tún fi 40 lé e. Ọmọ náà ti na ọwọ́ láti san án, nítorí háátì 5 ju péà lọ dáadáa.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé háátì 4 ni mo ti ní? Ẹyọ kan péré ló kù!”

“Àbúrò, mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí ò ń retí. Èló ni wọ́n ní kí o san, èló ni o sì máa rí kó?”

Káàdì 5 ni ó ti rí, ó ku 47 tí kò rí. Háátì 13 ni ó wà, 4 ti jáde, ó ku 9. Nítorí náà, 9 nínú 47 ni èyí tó lè gbè é nígbà tí wọ́n bá ṣí ẹyọ kan, ìyẹn nǹkan bí ìdá 19 nínú 100. Ṣùgbọ́n 40 ni wọ́n ní kí ó san kí ó lè kó 80. Ẹni tó bá san irú iye bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ó tó lè bá owó rẹ̀: bí ó bá pàdánù 40 lẹ́ẹ̀mejì, 80 tó bá jẹ lẹ́ẹ̀kan ni yóò dí i. Ọmọ náà ní éèsì 3 tó kù náà lè gbe òun, ó sì rí bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé péà kíńgì lásán ni ẹnìkejì mú. Ẹ̀gbọ́n kà á mọ́ ọn: ó di 12 nínú 47, kò sì ju bí ìdá mẹ́rin kan lọ. Ó ṣì wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n wá ní ká gbà pé 10 ni wọ́n fi lé 40 náà. Yóò san 10 kí ó lè kó 50, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sì ti tó o láti jẹ. Háátì 9 nìkan ju ìyẹn lọ, kí ó san án kíákíá. Káàdì kan náà ni o, ọmọ náà kan náà ni, ìdáhùn ló yí padà. Ẹni tó ń ra gàrí lọ́jà Jagun kì í wo bí gàrí ṣe funfun tó nìkan, á béèrè iye kóńgò rẹ̀ kí ó tó la àpò. Èmi kò mọ ìdí tí a fi ń gbàgbé ìyẹn bí a bá ti jókòó sídìí káàdì.

Ibì kan wà tí àwọn tó ti ka ìwé díẹ̀ ti máa ń ṣì í. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹni tó ní háátì 4 yóò rí ìkarùn-ún ní nǹkan bí ìgbà 35 nínú 100, wọ́n á sì fi 35 yìí san owó. Òótọ́ ni iye náà, ṣùgbọ́n ti káàdì méjèèjì tó kù ni. Bí ẹnìkejì bá tún fi owó lé e lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí ẹyọ kan, ìwọ yóò san lẹ́ẹ̀mejì kí o tó rí méjèèjì. Àyàfi bí ọmọ ayò ẹnì kan nínú yín bá ti tán pátápátá, ẹyọ kan ni kí o máa ṣírò.

Ìjókòó náà ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí káàdì sáàárín, ẹni tí pípín kàn, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ń bá a pín in, ni ó ń sọ tirẹ̀ kẹ́yìn, ó sì ti rí ohun tí gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe kí ó tó san kọ́bọ̀. Káàdì tí mo máa ń ta nígbà tí mo bá jókòó síbẹ̀, mo máa ń dà á sílẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ pé èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní ti ẹ̀tàn, ìyẹn kí ènìyàn fi ọmọ ayò dẹ́rù ba àwọn yòókù láìní káàdì gidi lọ́wọ́, tí àwọn èwe gbà pé òun gan-an ni póka, kí ọ̀pẹ fi í sílẹ̀ ná: ẹni tí kì í da káàdì rẹ̀ sílẹ̀ kò ṣeé dẹ́rù bà, irú wọn ló sì pọ̀ jù láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Wọn á tún máa sọ ìtàn Chris Moneymaker, akáúńtáǹtì ará Amẹ́ríkà tó gba ojú íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ìdíje àgbáyé ní Las Vegas ní ọdún 2003, tó sì gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn 838 tó kù nínú ìdíje náà kò sí nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ.

Ìṣirò háátì yìí wúlò fún ẹni tó ti mú kíńgì náà ju bí ó ṣe wúlò fún ẹni tó ń retí lọ. Bí 40 bá wà nílẹ̀, tí mo mú péà kíńgì, tí háátì 2 sì wà láàárín, mo mọ̀ pé bí mo bá fi 10 lé e, mo ti ta káàdì tó kàn ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó ń wá háátì. Bí mo bá fi 20 lé e, yóò san 20 kí ó lè kó 60, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni yóò sì gbọ́dọ̀ jẹ, nígbà tó jẹ́ pé kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni háátì lè dé. Ìdajì ohun tó wà láàárín ni ó kéré jù tí mo máa ń fi lé e báyìí, bí àwọn ọmọ LAUTECH tilẹ̀ ń pariwo pé ahun ni mí.