Kọnkéré kan ní Bronx

Àárọ̀ Mọ́ńdè, mò ń sáré lọ bá tíréènì ní Bronx níbí, ní ìlú New York. Kọnkéré kan lẹ́bàá títì ti gbéra, ìka méjì ló fi ga ju èkejì rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yí, ó dún kọ́, mo sì nà gbalaja. Kí n tó délé, ọrùn ẹsẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì Àgége.

Màámi lórí fóònù ní kí n fi òrí wọ́ ọ dáadáa. Nọ́ọ̀sì ní rárá o, yìnyín tí wọ́n fi aṣọ wé ni, ìṣẹ́jú 20, kí n sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Nítorí n kò lè rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin, wọ́n ya X-ray. Kò ṣẹ́, ó rọ́ ni.

Ta ni yóò wá sanwó? Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ lọ́yà sọ pé láti ọdún 2003, ọrùn onílé ni ẹ̀bá títì iwájú ilé rẹ̀ wà ní New York, àfi ilé gbígbé ìdílé kan sí mẹ́ta tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé. Tó bá jẹ́ ti ìjọba ìlú, ọjọ́ 90 péré ni mo ní láti kọ̀wé sí wọn.

"Ṣé o ya fọ́tò ibẹ̀?"

Fọ́tò kẹ̀? Èmi tí mò ń wá bàtà ẹsẹ̀ kan! Àbúrò mi ti mú rúlà lọ síbẹ̀ báyìí.