Sítáǹpù Columbus tí mo rẹ sómi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó sítáǹpù jọ, mo ti lo ogún ọdún nídìí nǹkan yìí o, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo ní fún yín. Àkọ́kọ́, ẹ má fìka mú sítáǹpù, ẹ̀mú kékeré ni kẹ́ ẹ lò. Ìkejì, ẹ máa fara balẹ̀ wo àwòrán orí ẹ̀.

Ẹ wo ti St Kitts-Nevis, àwọn erékùṣù kan ní Caribbean, tí wọ́n ṣe ní 1903. Columbus, atukọ̀ òkun ayé àtijọ́, ló wà níbẹ̀, ó gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú, ó ń wá ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1506 ni Columbus ti kú, awò yẹn ò sì jáde ní Netherlands títí di nǹkan bí 1608! Èmi fúnra mi ni mo já a, kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mo sì ń fi yangàn títí dòní.

Ìkẹta, ẹ má rẹ sítáǹpù tó wà lára àpò lẹ́tà àtijọ́ sómi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí sítáǹpù Columbus yẹn lórí àpò lẹ́tà ẹ̀ gan-an, òǹtẹ̀ pósítọ́fíìsì bọ́ sára sítáǹpù lápá kan, apá kejì wà lára bébà, òǹtẹ̀ ìlú tó gúnlẹ̀ sí tún wà lẹ́yìn. Mo fẹ́ kó bá àwọn yòókù dọ́gba nínú álúbọ́ọ̀mù mi, ni mo bá rẹ ẹ́ sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, yíǹkì àdírẹ́sì ń ṣàn lọ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín torí sítáǹpù ṣí láìya. Mo ju bébà nù.

Ìgbà tí mo gbé e lọ han àgbà kan, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Àpò ẹ̀ dà?” Ó ní àpò yẹn gan-an ló níyì, òun ló sọ ibi tí lẹ́tà ti wá àti ibi tó lọ. Ó sì lọ ròyìn ẹ̀ fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lójú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń dùn mí, torí gbogbo wọn ló mọ̀, ẹnì kan ò la ẹnu kìlọ̀ fún mi, wọ́n wulẹ̀ ń wò mí ni. Ọjọ́ ṣì hàn lórí òǹtẹ̀ tó kù sí mi lọ́wọ́, ọdún ti bá bébà lọ.

Ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo. Ìwọ tó o fi àpò lẹ́tà àtijọ́ yẹn hàn mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó o ní o ti gbé omi kaná, jọ̀ọ́, da omi yẹn nù, kó o gbé e wá ká jọ wò ó.