Ohun Tí Afẹ́fẹ́ Kò Gbé Wá

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ńlá ń rọ̀ ní Àkúrẹ́, àwòrán tẹlifíṣọ̀n Bàbá onílé wa ní Alágbàká dúró gbagidi, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ni ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí sígínà mọ́. Bọ́ọ̀lù ni Bàbá ń wò. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ tí o kàwé, ṣé o rí i? Òjò ti gbá afẹ́fẹ́ tí ó ń gbé e wá lọ." Mo ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá, afẹ́fẹ́ kọ́ ni ó ń gbé e wá." Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo sọ pé a lè gún iyán láìní odó.

Èrò Bàbá kò ṣàdédé wá, nítorí ohùn ni a mọ̀ jù, ohùn kò sì lè rìn láìsí ohun tí yóò gbé e. Bí a bá gbé fóònù sínú ìgò ńlá kan, tí a dé e pa, tí a sì fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a kò ní gbọ́ bí ó ṣe ń dún mọ́, ṣùgbọ́n ìpè yóò wọlé sí i, a ó sì máa rí iná ojú rẹ̀ kedere.

Sátẹ́láìtì tí díìsì Bàbá kọjú sí, ẹ̀rọ òfurufú tí ó ń fi ìgbì rédíò rán àwòrán náà wá, wà lókè ìlà agbedeméjì ayé, ní nǹkan bí kìlómítà 35,786 sí ilẹ̀. Bí a bá ti kọjá nǹkan bí kìlómítà 100 lókè, afẹ́fẹ́ tí ó ṣẹ́kù kò tó nǹkan tí ènìyàn ń kà sí mọ́. Inú òfìfo ni ìgbì náà ti rin èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀nà rẹ̀, ó ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì lò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú-àáyá lọ kí ó tó dé Àkúrẹ́. Níbi tí kò ti sí nǹkan kan, kò sí ohun tí ó ṣe é. Kìlómítà díẹ̀ tí ó kù, tí afẹ́fẹ́ àti òjò wà, ni ó ti bà jẹ́. Ìgbì tí díìsì bẹ́ẹ̀ ń gbà kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, nítorí náà ẹ̀kán òjò lè gbé e mì, ó sì lè fọ́n ọn káàkiri. Rédíò kékeré Bàbá ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀ lórí fèrèsé nínú òjò kan náà, nítorí pé ìgbì tirẹ̀ gùn tó nǹkan bí mítà 3.

Bàbá gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n wá béèrè ìbéèrè tí ó le jù lọ: "Nínú ìgbì òkun, omi ni ó ń mì. Nínú ohùn, o ní afẹ́fẹ́ ni. Nínú èyí ńkọ́, kí ni ó ń mì?"

Mo mú òòfà kékeré tí ó wà lára ìlẹ̀kùn fíríìjì, mo fi í súnmọ́ abẹ́rẹ́ kan lórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ náà fò lẹ̀ mọ́ ọn kí n tó fi kàn án. Agbára òòfà ti wà ní àyíká rẹ̀ ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni agbára iná mànàmáná ṣe máa ń wà ní àyíká ohun tí ó bá ní in, ì báà jẹ́ inú òfìfo. Àwọn agbára méjèèjì yìí gan-an ni ó ń mì. Bí ti iná bá ń yí padà, ó ń bí ti òòfà. Bí ti òòfà bá ń yí padà, ó ń bí ti iná. Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ láìfẹ̀yìn ti ohunkóhun. Tẹ́lẹ̀, ọmọ odó méjì ni mo máa ń fi ṣàpèjúwe rẹ̀, tí ọ̀kan ń gòkè bí èkejì ti ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n àfiwé náà kò tọ̀nà: nínú òfìfo, àwọn méjèèjì jọ ń ga ni, wọ́n sì jọ ń rẹlẹ̀.

James Clerk Maxwell, onímọ̀ físíìsì ará Scotland, ni ó fi ìṣirò gbé èyí kalẹ̀ ní ọdún 1865. Nígbà tí ó ṣírò bí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ yóò ṣe yára tó, iye tí ó rí súnmọ́ eré tí wọ́n ti wọ̀n fún ìmọ́lẹ̀ débi pé ó gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀, ẹ̀yìn Bàbá ni Maxwell fúnra rẹ̀ wà, nítorí ó gbà pé nǹkan kan tí a kò rí kún òfurufú tí ó ń gbé ìgbì náà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Michelson àti Morley, wá ipa nǹkan yìí ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1887, wọn kò rí i. Nígbà tí ó di 1905, Einstein, onímọ̀ físíìsì, ní kò sí ohun tí a nílò rẹ̀ fún.

Òjò dá, àwòrán padà, bọ́ọ̀lù sì ti parí. Bàbá ní àwọn ti gbà pé òjò ni ó ń dí i lọ́nà. Ohun tí ó kù ni pé kí àwọn tí ń gba owó tẹlifíṣọ̀n lóṣooṣù lọ́wọ́ àwọn máa yọ ọjọ́ òjò kúrò nínú rẹ̀.