Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ní Banex tí kì í ṣiṣẹ́ ní Kubwa

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ni mo ra gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà mi lọ́wọ́ ẹ̀ ní Banex, Wuse 2, Abuja níbí, ọmọ náà sì bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ o, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká bá yín tò ó pọ̀ ni? 15,000 la máa ń gbà." Mo wò ó títí. Èmi? Èmi tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko wo òyìnbó tó ń to kọ̀ǹpútà lórí YouTube, tí data mi tán sórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Mo ní kó má ṣèyọnu, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ ṣáà bá mi rántí 15,000 yẹn, a ṣì máa padà dé orí ẹ̀.

Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe, ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, ibi yòówù tẹ́ ẹ bá ti pè mí sí. Láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ ti darúgbó débi pé bí mo bá ní kó gbé fídíò wákàtí kan jáde, mo lè sùn, kí n jí, kí n lọ jẹun ní Gwarinpa kí n padà dé, á ṣì wà ní ìdá 40 nínú 100. Ìyàwó kan wà tí fídíò ìgbéyàwó ẹ̀ àti fọ́tò ìkómọ ẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ kan náà, mi ò parọ́.

Nígbà tá a wá dé orí processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ọmọ náà gbé méjì síwájú mi, Intel i5-12400 àti i5-12400F, ó ní èyí tó ní F lẹ́yìn yẹn ló dínwó. Mo ní F kẹ̀? F9 tí mo gbà nínú Physics ní WAEC ò tíì tán lára mi, mo tún fẹ́ fowó ara mi ra òmíràn. Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí F yẹn jẹ́ fún mi, àmọ́ ká sòótọ́, látìgbà tí mo ti gbọ́ iye tó fi dínwó ni etí mi ti di. Gbólóhùn tí mo ṣáà mú níbẹ̀ ni "ẹ ti ra graphics card, kò séwu." Kò séwu, mo sanwó. GTX 1660 Super tòkúnbọ̀ ni graphics card náà, èyí tó ń gbé àwòrán lọ sójú mọ́nítọ̀, pẹ̀lú motherboard, RAM 8GB méjì, SSD tí fáìlì máa wà lórí ẹ̀, power supply tó ń pín iná fún wọn, àti késìn oní díńgí tí fáànù mẹ́ta ń tanná níwájú ẹ̀ bí ilé àríyá.

Ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa lásìkò yẹn, wọ́n wá láti Ìkirè wá bá wa wẹ ọmọ tuntun. Mọ́mì kì í jókòó lásán, kò sí nǹkan tí ò kàn wọ́n nínú ilé yẹn. Bí mo ṣe tú ẹrù sórí tábìlì oúnjẹ báyìí, wọ́n fa àga.

"Ọkọ mi, kí lèyí tó fẹ̀ bí àwo yìí?"

"Motherboard ni, Mọ́mì. Òun ni gbogbo ìyókù máa so mọ́."

"Ẹn-ẹ́n. Ìyá wọn nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Bàbá wọn ńkọ́?"

Mo wo inú páálí. Ẹ gbà mí, mo wò ó lóòótọ́.

Òyìnbó YouTube yẹn lo wákàtí kan, èmi lo ọjọ́ méjì. Ibi tí processor ń jókòó sí, eyín kéékèèké 1,700 ló wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, bí ẹyọ kan bá tẹ̀ nínú wọn, ẹ ti lè sọ owó motherboard nù nìyẹn, ẹ máa wá fi irin kan tẹ processor mọ́lẹ̀ lé wọn lórí, irin náà á sì máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ẹni ń fọ́ egungun adìẹ. Òyìnbó ti kìlọ̀ pé bó ṣe máa ń dún nìyẹn. Mo mọ̀. Mo ṣì dijú. Mọ́mì ló pe "Jésù" fún mi.

Fáànù tó máa ń jókòó lé processor lórí wá ńkọ́? Mo yí i padà, mo rí nǹkan aláwọ̀ eérú kan tó lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, mo ní àwọn èèyàn yìí ò tiẹ̀ nu ọjà wọn kí wọ́n tó tà á, mo fi hankáṣíìfù nù ún mọ́ tónítóní. Gírísì tó ń gba ooru lára processor fún fáànù ni mo nù dànù yẹn o, bó ṣe máa ń bá a wá látilẹ̀ nìyẹn. Kí n tó mọ̀, mo ti fi hankáṣíìfù yẹn kan náà nu imú.

Oṣù kìíní sì ni, ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń mú ní Abuja, ètè ń ya, ẹni tó bá rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì wa tó wá fọwọ́ kan irin, pá! á ta á. Iná kékeré yẹn lè ba RAM jẹ́ láìjẹ́ pé ojú yín rí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ fọwọ́ kan irin fèrèsé ní ìṣẹ́jú méjì méjì bí ẹni ń kí àna ẹ̀. Mọ́mì ò bi mí. Ìgbà tó yá àwọn náà na ọwọ́ sí késìn, pá! wọ́n fò sẹ́yìn, wọ́n wò mí, wọ́n wo késìn, wọ́n dìde láìsọ nǹkan kan, wọ́n lọ gbé ike omi àdúrà wọn jáde ní yàrá.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, omi àti nǹkan yìí ò rẹ́ o."

Wọ́n ní eléyìí kì í ṣe omi lásán.

Mo ní bó ti wù kó jẹ́, ó tutù. Mo na ara mi lé kọ̀ǹpútà lórí.

Lọ́jọ́ kejì mo tò ó tán, mo tẹ bọ́tìnnì, kò sí nǹkan kan. Mo yọ wáyà, mo kì í padà, mo lọ wò ó bóyá iná wà, iná wà, fíríìjì ń kùn. Mo fi wákàtí méjì àbọ̀ tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ tí mo tún tò ó. Ẹ̀yìn power supply yẹn ni súìṣì kékeré kan wà tí wọ́n kọ I àti O sí lára, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ sí O látàárọ̀, torí O ló bẹ̀rẹ̀ ON. Ẹ wá sọ ibi tí mo ti ṣì fún mi. Àṣé òdo ni wọ́n pè é o, òdo, ìyẹn ni pé iná ò wọlé, tí I wá jẹ́ oókan! Ta ní ń fi ìṣirò kọ nǹkan sára súìṣì?

Mo tẹ̀ ẹ́ sí I. Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, gbogbo pálọ̀ ń kọ mọ̀nà, mai gadi wa yọjú lójú fèrèsé, ó ní "Ikon Allah!" Mo ti ń jó kí n tó bojú wo mọ́nítọ̀. No Signal.

Mo rántí pé mi ò so wáyà kan lókè lápá òsì, èyí tó ń gbé iná fún processor fúnra ẹ̀. Mo so ó. No Signal. Mo yọ RAM, mo tún un tẹ̀ títí tó fi dún kọ́ lọ́tùn-ún lósì. No Signal. Mo yọ bátìrì kékeré bíi kọ́ínì tó wà lára motherboard, mo dúró díẹ̀, mo dá a padà. Nígbà yẹn Mọ́mì ti mọ̀ ọ́n kà, wọ́n á máa gbé ọmọ kọjá, wọ́n á ní, "Ọkọ mi, ṣé Nósínà ò tíì lọ?" bí ẹni ń béèrè àlejò.

Bí mo ṣe gbé e lé itan nínú táksí nìyẹn, ó di Banex. Lójú ọ̀nà, ṣójà kan wo wáyà tó wà nínú díńgí yẹn títí, ó ní "Wetin be this?" Mo ní kọ̀ǹpútà ni sà. Ó ní "On am." Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú táksí, mo fẹ́ on kí ni? Ojú mi nìkan ni mo rò pé ó jẹ́ kó ní ká máa lọ.

A dé Banex, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gbé e sórí tábìlì, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnnì, ó wá. Ó wá lẹ́ẹ̀kan! Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Wọ́n gba 5,000 àyẹ̀wò, mo ra gírísì 4,000, wọ́n bá mi fi sí i, mo gbé e padà sílé ní Kubwa, mo so ó. Nósínà.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó wá. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbí wáyà HDMI yín ni?" Wáyà tó ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀ nìyẹn. Mo ra tuntun, 4,500. Ó ní, "Àbí iná ilé yín ni ò lágbára?" Mo ra sitabuláísà, 38,000, mo sì tún san 5,000 àyẹ̀wò. Kubwa. Nósínà.

Mọ́mì pe èmi àti ìyàwó mi jókòó. Wọ́n ní, "Nǹkan tó ń dáa níta tí kì í dáa tó bá wọlé, ẹ̀yin náà ẹ rò ó." Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í rántí bí ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ṣe ń dáhùn ìkíni láti ọdún tó kọjá. Ó wù mí kí n sọ fún yín pé mi ò gbà á gbọ́. Mo gbé tábìlì kúrò níbi tó wà.

Lọ́jọ́ Sátidé ó ti rẹ̀ mí pátápátá, mo nà sórí àga gígùn, mo ní kí Mọ́mì ṣe ohun tí wọ́n bá fẹ́, kí omi ṣáà mọ sí ẹsẹ̀ tábìlì. Wọ́n wọ́n ọn, wọ́n gbàdúrà, a ṣe àmín. Wọ́n wá fa àpótí jókòó sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n ní eruku ọyẹ́ ti pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ń fi àkísà nù ún, wọ́n ń yọ wáyà, wọ́n ń ki wáyà, oorun sì ń gbé mi lọ. Igbe ìyàwó mi ló jí mi. Àwòrán ti wà lójú mọ́nítọ̀.

Mo yí lọ sẹ́yìn ẹ̀. Wáyà HDMI tí mo ti ń kì sí ihò òkè látọjọ́ yìí, ó wà nínú ihò ìsàlẹ̀, lára graphics card. Gbogbo ara mi tutù. Ihò òkè yẹn, ara motherboard ló wà, àwòrán tó bá wà nínú processor ló ń gba ibẹ̀ jáde, processor tó ní F lẹ́yìn ò sì ní àwòrán kankan nínú, ohun tí ọmọ yẹn ń ṣàlàyé lọ́jọ́ tí etí mi di nìyẹn. Títí ayé, ihò òkè ò lè fi nǹkan kan hàn mí. Lẹ́ẹ̀mejèèjì tí mo gbé e lọ sí Banex, ìsàlẹ̀ ni ọmọ náà ki wáyà sí, ojú mọ́nítọ̀ lèmi dúró tí mò ń wò.

Mo rọra bi wọ́n pé, "Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ki wáyà síbí?"

"Orí àpótí ni mo wà, tìsàlẹ̀ ló súnmọ́ ọwọ́ mi jàre."

Mo yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Àmọ́ ìyàwó mi ti kúnlẹ̀, ó ń kọrin ọpẹ́, mai gadi tún ti yọjú, èmi sì ti ná 56,500 láì ka owó táksí, lórí ohun tí mi ò fẹ́ san 15,000 fún. Mo bá wọn kọrin. Wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n padà sí Ìkirè, mo gbọ́ pé àwọn kan ń gbé fóònù tó ti kú wá fún wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n tí ọmọ wọn ọkùnrin rà fún wọn ò gbé àwòrán, díkódà tan iná, ṣùgbọ́n Nósínà ló wà lójú ẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ wọ́n omi sí ẹsẹ̀ tábìlì."

Wọ́n ní, "Omi kẹ̀? Ọkọ mi, ẹ sọ ihò tí n máa kì í sí fún mi jàre."