Kọ́là Tó Gbé Àròpọ̀ Lọ

Àǹtí mi tó ń rán ẹ̀wù tà kò gba kọ̀ǹpútà gbọ́. Orí pépà tí wọ́n fi ń gé pátánì, àwòṣe tí wọ́n ń gé aṣọ tẹ̀lé, ló máa ń ṣírò owó sí, torí òun ló sún mọ́ ọwọ́ jù. Èmi tí mò ń bá a tọ́jú ìwé owó ti sọ̀rọ̀ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Iṣẹ́ dé: 100 ẹ̀wù ọkùnrin, alápá kúkurú. Oníbàárà fẹ́ mọ iye ẹ̀wù kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Àǹtí jókòó tì í. Aṣọ, yáàdì 2, ó sì fi díẹ̀ lé e nítorí èékù. Bọ́tìnnì 7, pẹ̀lú 1 tí wọ́n ń rán mọ́ abẹ́ ẹ̀wù, torí bọ́tìnnì mọ bí wọ́n ṣe ń sá lọ. Òwú, sítéè tó ń mú kọ́là le, lébẹ́ẹ̀lì, ọ̀rá. Owó ilé oṣù kan, ó pín in sí iye ẹ̀wù tó ń jáde lóṣù. Ó fàlà sí i, ó kọ àròpọ̀, ó lọ wẹ̀.

Kó tó dé, ọmọ iṣẹ́ ti fi pépà náà gé pátánì ẹ̀wù.

"Ọ̀gá, mo rí i pé pépà ti wà nílẹ̀, mo ní kí iṣẹ́ tètè yá."

Owó aṣọ wà ní ẹ̀yìn ẹ̀wù. Bọ́tìnnì wà lápá òsì. Ihò ọrùn gba àárín owó ilé kọjá: a rí òdo mẹ́ta, a ò rí ohun tó ṣáájú wọn. Àròpọ̀ ti di kọ́là, ìdajì rẹ̀ sì wà lábẹ́ tábìlì. Fóònù dún.

"Ẹ má bínú sà, owó yín wà nílẹ̀ níbí, à ń tò ó."

Ibi tí a ti ń tò ó ni mo ti bi í pé, "Àǹtí, owó iṣẹ́ ńkọ́?"

"Owó iṣẹ́ ta ni?"

"Tiyín. Ẹ kì í kúrò nídìí máṣíìnì."

"Èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò sanwó fún mi?"

Ọmọ iṣẹ́ gbórí sókè. "Ọ̀gá, mo rò pé èmi nìkan ni wọn kì í san tèmi."

A dákẹ́ díẹ̀. Àǹtí kọ owó iṣẹ́ àwọn méjèèjì sí apá ọ̀tún, pẹ̀lú owó iná tí ó ti gbàgbé tẹ́lẹ̀. Ó fi pín-ìn-nì gún gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́.

Oníbàárà pè padà. "Mo rí i o. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìwé owó yín fi ní apá?"

"Alápá kúkurú lẹ ní ẹ fẹ́ sà. Tó bá jẹ́ alápá gígùn ni, owó á lé sí i."